Wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́, ìnṣọ́ránsì ìlera wa ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwa kan dúró, ìnṣọ́ránsì á sì parí ní òpin oṣù yìí. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi sì ní ikọ́ fée. Wọ́n ní kí n gba COBRA, ìyẹn ni kí n máa fi owó ara mi san ìnṣọ́ránsì ilé iṣẹ́ náà lọ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. – Màmá Ìbejì

Ìdáhùn: Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà míì. Ẹ má tíì sáré san owó COBRA yẹn o. Ọjọ́ 60 ni òfin fún yín láti pinnu, tẹ́ ẹ bá sì gbà á láàárín ìgbà yẹn, á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ti tẹ́lẹ̀ parí, ìyẹn ni pé tí ọmọ bá dédé dèrò ọsibítù ẹ ṣì lè gbà á, àmọ́ ẹ máa san owó gbogbo oṣù tó ti kọjá. Ohun tó jẹ́ kó wọ́n ni pé ẹ̀yin lẹ máa san ìpín tiyín àti èyí tí ọ̀gá ń bá yín san tẹ́lẹ̀, wọ́n tún lè fi 2% lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wo Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn ò pọ̀, pàápàá fún àwọn ọmọ, wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù nígbàkigbà, ọmọ sì lè wọlé ká ní òbí ò tiẹ̀ wọlé. Tí ìyẹn ò bá bọ́ sí i, Marketplace, ìyẹn ibi tí ìjọba ṣètò fún ríra ìnṣọ́ránsì fúnra ẹni, náà fún yín ní ọjọ́ 60, wọ́n sì lè bá yín dín owó kù. Ṣé bàbá àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́? Ọjọ́ 30 péré ni ibi iṣẹ́ tiwọn sábà máa ń fún wọn láti fi yín kún un, ẹ sọ fún wọn lónìí. Kẹ́ ẹ sì ti gba oògùn yín àti ti ọmọ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, ẹ jọ̀ọ́.