Orí ẹja ti sọnù, ìrù rẹ̀ wà nínú òkúta

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Kàbbà ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó ń wa típà gbé òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú kan wá láti ẹ̀bá Ahoko, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ó ti là sí méjì. Egungun ẹ̀yìn àti ìrù ẹja hàn nínú rẹ̀, kò sí orí. Àbúrò mi ní àrọ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n fọ̀ ọ́, kí n sì kùn ún ní fánìṣì?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, má fọ̀ ọ́, má sì jẹ́ kí fánìṣì kàn án. Amọ̀ ló le di òkúta yẹn. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á wú, á máa ṣí ní ìpele ìpele, egungun á sì bá a lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ti tó.

Ó dára tó o dárúkọ Ahoko. Ká ní ara àpáta Kàbbà ló ti wá ni, n kì bá tí gbà pé ẹja ni. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló se àpáta ilé wa jinná, ó sì ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ti Ahoko yàtọ̀: ẹrẹ̀ tó rọra sùn sísàlẹ̀ omi ni, ní nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Irú ibẹ̀ ni òkú ẹja ti ń rí ibi sinmi.

Kọ́kọ́ wo oríkèé egungun ẹ̀yìn. O ti rí i nínú ọbẹ̀ rí: ó dà bí ife kékeré méjì tí a so ìdí wọn pọ̀, ó jin níwájú, ó jin lẹ́yìn. Ti ejò jin lápá kan, ó yọ róbótó lápá kejì.

Ní ti àrọ̀, gbé òkúta náà sójú fèrèsé láàárọ̀, kí oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀ lára rẹ̀, kó o sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó o bá rí ìpẹ́ lára ẹja náà, kì í ṣe àrọ̀, torí àrọ̀ kì í ní ìpẹ́. Ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ẹpìyà jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ẹja tí à ń jẹ lónìí. Bó bá nípọn, tó ń dán, tó sì ní igun mẹ́rin, ìran ẹja tó pẹ́ jù wọ́n lọ ni.

Ìrù ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń sọ púpọ̀ nígbà tí orí bá ti lọ. Bí egungun ẹ̀yìn bá tẹ̀ sókè díẹ̀ níbi tó parí sí, tí àwọn egungun pẹlẹbẹ sì tàn lábẹ́ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìran ẹja òde òní ni. Ka iye oríkèé tó ní egungun ìhà, ka ìyókù lọ́tọ̀, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ pàtó ṣòro láìsí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín.

Fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó o tó ya fọ́tò. Fi bébà wé apá méjèèjì, kọ ibi tó ti wá sí i lára, kó o gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, Lọ́kọ́ja. Kí àbúrò rẹ sì padà lọ tú àfọ́kù ibẹ̀ wò kí òjò tó dé. Orí náà lè ṣì wà níbẹ̀.