Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn lójú ọ̀run Kétu: ìràwọ̀ ni àbí sátẹ́láìtì?

Ẹ ní ẹ wà ní àgbàlá yín ní Kétu, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ funfun kan tó ń rìn jẹ́ẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, tí kò ṣẹ́jú, tó sì pòórá láàárín ọ̀run.

Sátẹ́láìtì ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí ènìyàn jù sókè láti máa yí ayé po. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni, iná pupa tàbí funfun ì bá máa ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ìràwọ̀ tó ń já kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Oòrùn tó ti wọ̀ lójú tiwa ṣì ń tàn sí sátẹ́láìtì lára lókè lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí a fi sábà máa ń rí i ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́; nígbà tó bá sì wọ inú òjìji ayé, a ò ní rí i mọ́.

Bó bá mọ́lẹ̀ ju àwọn ìràwọ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ISS, ibùdó tí àwọn ènìyàn ń gbé ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sókè, tó ń yí ayé po ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Èyí tó bá tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì Starlink tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sókè ni.

Láti mọ orúkọ rẹ̀ dájú, ẹ kọ aago àti ibi tó gbà kọjá sílẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí ìkànnì Heavens-Above bá kọ fún Kétu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lásìkò ọyẹ́, eruku lè má jẹ́ kí ẹ rí èyí tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀.