Yìnyín Inú Ife Kọ́ Ni Yìnyín Orí Ilẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní yìnyín ń yọ́, òkun á kún, àmọ́ èmi fi áìsì sínú ife omi, mo wò ó títí tó fi yọ́ tán, omi ò kún sí i rárá. Ọdún 2012 náà ni wọ́n ní yìnyín Àkítíìkì (òkun tó wà lókè pátápátá níhà àríwá ayé) kéré jù, ṣebí kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn? Mi ò gbà wọ́n gbọ́ o.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an, inú mi dùn pé ẹ fojú ara yín wò ó. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ife yẹn, yìnyín tó ń léfòó lórí òkun Àkítíìkì tó bá yọ́, òkun ò fi bẹ́ẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n yìnyín ti Greenland (erékùṣù ńlá níhà àríwá) àti Antarctica (ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níhà gúúsù ayé), orí ilẹ̀ ló wà, ìta ife ló wà tó ń ṣàn wọnú ẹ̀, ti Greenland nìkan tó bá yọ́ tán (kì í ṣe lọ́la o, ó máa pẹ́ gan-an) òkun á fi bíi mítà 7 ga sí i. Láti 2002 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn bí yìnyín orí ilẹ̀ yìí ṣe wúwo tó, ó sì ń dín kù. Ti 2012, bẹ́ẹ̀ ni, ọdún kan máa ń burú ju òmíì lọ, àmọ́ ẹ wo yìnyín òkun Àkítíìkì láti 1979, ẹ máa rí i pé ó ń wálẹ̀ ni.

Ibi tí mo ti gbà pé kéèyàn ṣiyèméjì ni ọ̀rọ̀ omi gbígbóná tó ń ṣàn lọ sí àríwá Atlantic, tó ń jẹ́ kí Yúróòpù lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí omi oníyọ̀ yẹn bá tutù, á wúwo, á rì sísàlẹ̀, omi yìnyín tí ò níyọ̀ ló lè dí i lọ́wọ́. 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ò sì tíì fẹnu kò lórí ìgbà tí omi yẹn lè ṣíwọ́ ṣíṣàn.