Táyà wo ló yẹ Hilux mi?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Hilux tòkunbọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, òun ni mo fi ń kó gbáàgúdá láti oko wa lẹ́yìn Ìséyìn. Tí òjò bá ti dé, ọ̀nà oko yẹn á di ẹrẹ̀, mọ́tò á sì rì. Ẹni tó ń ta táyà ní kí n gbé 285/70R17 wọ̀ ọ́, pé á ga, á sì la ẹrẹ̀ kọjá. 265/65R17 ló wà níwájú báyìí, 265/70R17 ló wà lẹ́yìn. Tí mo bá fi í sí H4, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà, lórí títì ọlọ́dà, ó máa ń le, ó sì máa ń dún gìrì bí mo bá fẹ́ yà. Èwo ni kí n rà? (Àgbẹ̀ Ìséyìn)

ÌDÁHÙN: Àgbẹ̀ wa, ẹ kú làálàá oko. Ká kọ́kọ́ sọ ti gìrì tó ń dún yẹn, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín.

Nínú 265/65R17, 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ ọ̀hún. Rímù ni 17, íǹṣì la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣírò rẹ̀, táyà iwájú yín ga tó mìlímítà 776 láti ilẹ̀ dé òkè, tẹ̀yìn tó 803. Ẹ lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà àti sílẹ̀, kí ẹ wá ti mọ́tò títí táyà á fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Tiwájú á rin nǹkan bíi mítà 2.44, tẹ̀yìn á rin 2.52. Kí ẹ tó rin kìlómítà kan, tiwájú ti yí ní ìgbà 410, tẹ̀yìn ò tíì pé 400.

Lórí H2 kò síjà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Gbàrà tí ẹ bá fà á sí H4, jíà á so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, á ní kí wọ́n jọ máa yí iye kan náà. Wọn ò lè ṣe é. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, ara á tu jíà díẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò ríbi yọ̀ sí, inú jíà ni gbogbo ìnira yẹn ń lọ. Kódà bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ẹ má fi Hilux sí H4 lórí títì gbígbẹ.

Ní ti 285/70 yẹn, mo ti gbé e wọ Hilux oníbàárà kan rí, nígbà tí mo ṣì ń ṣe fọkanáísà ní Mọ́níyà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú fẹ́ńdà: rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti fàya, èjìká táyà sì ti họ bí ẹni fi ìrin gbáàgúdá rin ín. Ó yẹ kí n yí sítiárìn dópin lápá méjèèjì kí n tó jẹ́ kó lọ, n ò ṣe é. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìdajì gíga tí ẹ ń sanwó fún ló ń bọ́ sábẹ́ mọ́tò. Pẹ̀lú 285/70, ìyẹn ò ju mìlímítà 27 lọ sí tiwájú yín, kò tó ìka méjì. Géèjì á máa sọ pé 100 lẹ ń sá, 107 lẹ sì ń sá ní tòótọ́.

Eyín táyà ló ń la ẹrẹ̀. Bí eyín bá ti jẹ, ẹrẹ̀ á kún àárín rẹ̀, táyà á wá dà bí ọṣẹ tútù. Torí náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹrẹ́bà, ẹ wo sítíkà ara òpó rẹ̀. Bó bá jẹ́ 265/65R17 ló wà níbẹ̀, márùn-ún irú rẹ̀ ni kí ẹ rà, pẹ̀lú sípéà, èyí tí wọ́n kọ A/T sí (ìyẹn all-terrain, táyà títì àti ọ̀nà oko), tí eyín rẹ̀ jìn. Ẹ má gbà kí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ dín sí 112, ìyẹn ni pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 1,120. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ fi mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2224 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2024. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra táyà tòkunbọ̀ fún mọ́tò tó ń ru gbáàgúdá.

Bí owó ò bá tíì tó márùn-ún, tí eyín tiwájú sì ṣì dáa, ẹ ra méjì 265/65 sẹ́yìn ná. Kó tó dìgbà yẹn, inú ẹrẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti máa fọwọ́ kan H4, kí ẹ sì dá a padà sí H2 kí ẹsẹ̀ mọ́tò tó kan ọ̀dà.