Ṣé kí n gbé ọmọ mi tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lọ síbi àjọ̀dún ijó níta gbangba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rìnlá. "Cerebral palsy", ìyẹn àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí iṣan ara gbọ́ràn dáadáa, ni wọ́n sọ fún wa nílé ìwòsàn pé ó ń ṣe é. Kò lè rìn, àga oníkẹ̀kẹ́ la fi ń gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara, ṣùgbọ́n kò sí ìlù tí yóò dún létí rẹ̀ kó má jó. Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ijó àti orin níta gbangba ní Alágbàká, l'Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó pé tọmọdé tàgbà, akàndá ẹ̀dá àti abarapá, kí gbogbo wa máa bọ̀. Láti ìgbà tí Dámi ti rí i ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ adití náà ní òun ń bá wa lọ. Bàbá Dámi ní ká jókòó sílé, pé àwọn èèyàn á máa wò wá, wọ́n á sì máa ju owó lé ọmọ lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń ta alágbe lọ́rẹ. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Dámi, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Dámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ gbé e lọ. Àmọ́ ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ìwé ìpolówó nìkan, torí "ẹ máa bọ̀" kì í tẹ́ pákó sórí gọ́tà. Lẹ́nu iṣẹ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, tí mò ń ṣe, ohun tí mo rí tó máa ń dá àwọn ìdílé bíi tiyín padà lẹ́nu ọ̀nà kì í sábà jẹ́ ariwo, kì í sì í sábà jẹ́ ojú àwọn èèyàn. Ilẹ̀ ni. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà láàárín ibi tí ọkọ̀ yóò já yín sí àti ibi tí ẹ ó jókòó sí, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Torí náà, ẹ lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣáájú, láìgbé ọmọ dání. Ṣé gọ́tà wà láàárín títì àti ẹnu ọ̀nà? Ṣé kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, àbí koríko, àbí yanrìn? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀? Níbi tí àtẹ̀gùn bá wà, wọ́n lè ní àwọn ti ṣe ọ̀nà tí àga yóò gbà gòkè. Ẹ wò ó dáadáa. Bí òkè náà bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ọ̀nà tí àga yóò gbà gùn ún gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Àwọn kan á mú pákó kúkurú kan, wọ́n á gbé e ti àtẹ̀gùn mẹ́rin, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ti akàndá ẹ̀dá. Ìdẹkùn nìyẹn. Ẹ má gbé ọmọ gbabẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ koríko tàbí yanrìn, ẹ má bẹ̀rù, àrà wà tí a ń dá sí i. Táyà kékeré iwájú ló máa ń rì, tí àga á fi dúró gbọn-in, tí ẹni tó jókòó á sì fẹ́ ṣíwájú ṣubú. Ẹ yí àga padà kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, tàbí kí ẹ tẹ ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀ títí táyà kékeré á fi gbéra, kí ẹ wá máa fi táyà ńlá méjèèjì rìn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún Dámi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ máa ń le, bí nǹkan bá já a láyà lójijì, gbogbo ara rẹ̀ á na gbọọrọ, ó sì lè yọ́ kúrò lórí àga. Bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú látìgbà tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ẹ tún ṣọ́ wáyà jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Èyí tí abarapá ń fò kọjá, àga lè kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé ìpolówó náà, kí ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ń tò àwọn tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ sí? Bí wọ́n bá ní "kò séwu, ẹ ṣáà máa bọ̀," ẹ mọ̀ pé wọn ò tíì ronú kàn án. Ní agbo ijó, kò sẹ́ni tó ń jókòó pẹ́. Bí àwọn èèyàn bá dìde, ìdí wọn ni Dámi yóò máa wò títí wọ́n á fi tú ká. Ẹ bèèrè fún ẹ̀gbẹ́ iwájú, níbi tó jìnnà sí sípíkà, tí ọ̀nà àbájáde sì wà nítòsí.

Ẹ bi wọ́n nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn alágbèéká tí wọ́n máa ń rẹ́ǹtì wá síbi òde sábà máa ń ní àtẹ̀gùn lẹ́nu, ẹnu wọn sì há. Àga tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 nílò ẹnu ọ̀nà tó tó 80. Bí kò bá sí, ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí tí ẹ lè bẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ fi omi du ọmọ láti àárọ̀ nítorí kó má bàa tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, orí fífọ́ àti inú kíkún ló sì ń yọrí sí lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí èrò pọ̀, ẹ má tò. Òfin tó dènà yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èèyàn bá ti ń tò. Òfin yìí kan náà fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún ọmọ tó ń ṣọ́ géètì, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ó wá ku ariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022 fún ibi orin, ní kí ìpíndọ́gba ariwo má kọjá desibẹ́ẹ̀lì (ohun tí a fi ń wọn ariwo) 100. Kò sẹ́ni tí yóò gbé òṣùwọ̀n wá wọ̀n ọ́n fún yín ní Alágbàká. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Níta gbangba, bí ẹ bá sọ ìjìnnà yín sí sípíkà di ìlọ́po méjì, ariwo á fi bíi desibẹ́ẹ̀lì mẹ́fà rọlẹ̀. Òwú lásán kò tó láti fi dí etí. Ẹ ra fóòmù etí ní kẹ́místì. Bánńgà tí àwọn ọmọ máa ń yìn ní Kejìlá burú fún un ju sípíkà lọ, nítorí kì í kéde ara rẹ̀. Bí Dámi bá sì ní wárápá, bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní irú ìpèníjà yìí ṣe ní in, ẹ ṣọ́ iná tó ń ṣẹ́jú wàràwàrà lórí pèpéle. Kí ó di ojú méjèèjì nìkan kò tó: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ kan pátápátá, kí ẹ sì yí i kúrò níbẹ̀.

Àbúrò yín kò ní jókòó lásán. Ẹ̀rọ ìlù ńlá máa ń gbọn ilẹ̀, ó sì máa ń gbọn àyà. Bí pèpéle onípákó bá wà, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bàlúùnù tí a fẹ́ tí a sì fọwọ́ méjèèjì dì mú máa ń gba ìró gángan dáadáa, ẹ fún Dámi náà ní ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní ògbufọ̀ èdè adití, ẹ bèèrè bóyá iná yóò wà lójú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ògbufọ̀ tó wà nínú òkùnkùn kò ṣàǹfààní kankan. Kí ẹ sì fi ibì kan ṣe àdéhùn, torí bí ẹ bá sọnù mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹ ò lè pè é lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá Dámi wá kù. Kò parọ́, wọ́n á wò ó. Àmọ́ ibi ijó la wà: ta ni kì í wo oníjó? Láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣe Yinka Ayefele ní 1997, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ń kọrin, orin rẹ̀ ló sì ń gbé àwọn tó dúró jó. Èjìká ń jó, orí ń jó, ọwọ́ ń jó. Ẹ jẹ́ kí Dámi darí, kí ẹni tó wà lẹ́yìn àga máa tẹ̀ lé ìlù tí ọmọ ń gbọ́, kó má fi tara rẹ̀ gbé e yí bírí.

Ní ti owó: bí ẹnì kan bá ju owó sí i lórí itan nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gbé e padà fún un pé, "Ẹ ṣé o, a ò tọrọ. Ẹ wá bá a jó." Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò jó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ijó rẹ̀ ló wú wọn lórí tí wọ́n fẹ́ ná an lówó bí wọ́n ṣe ń ná àwọn yòókù, inú mi ì bá dùn, àfi pé Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti ka níná owó lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ó kéré tán ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín.

Ẹ má gun ọ̀kadà. Ẹ gba takisí ní dírọ́ọ̀pù, kí ẹ sì bá awakọ̀ ṣe àdéhùn ìpadàbọ̀ kó tó lọ. Ẹ kúrò kí olórin tó kẹ́yìn tó parí, tàbí kí ẹ dúró títí èrò á fi tán. Ẹ má bọ́ sí àárín ìrọ́gìrì. Kí ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, nítorí ọyẹ́ Kejìlá máa ń mú kí iṣan bíi tirẹ̀ túbọ̀ le. Bí ó bá ń lo oògùn alẹ́, ẹ fi sínú báàgì yín, torí aago oògùn lè lù nígbà tí ẹ ṣì wà ní Alágbàká.