Ọmọ mi fẹ́ kọ́ sosiọ́lọ́jì: kí ni yóò fi ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Obì ni mò ń tà ní Ṣágámù. Ọmọ mi obìnrin ti ṣe wáẹ̀kì tán, ó ní sosiọ́lọ́jì àti antirọpọ́lọ́jì lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní lọ́ọ̀yà ló yẹ kó ṣe. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní àṣà àwọn èèyàn káàkiri ayé ni. Ṣé torí àṣà la ó ṣe máa sanwó iléèwé? Iṣẹ́ wo ló sì wà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta obì ló yẹ kó tètè yé jù.

Ẹ wo gbànja tó wà nínú agbọ̀n yín. Awẹ́ méjì ló ní. Tó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìkómọ, àbàtà olójú mẹ́rin la ń wá. Gbànja, òkè ọya ló ń lọ. Kí ló mú kí Rẹ́mọ máa gbin obì tí ẹlòmíì ń jẹ? Báwo ni àlejò láti Kánò àti ará ilé ṣe ń fọkàn tán ara wọn lórí owó ńlá, tí wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn? Irú ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ ọmọ láti máa bi.

Abner Cohen, onímọ̀ antirọpọ́lọ́jì kan, lọ jókòó sáàárín àwọn Hausa Sábó Ìbàdàn nítorí ẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969. Nínú òwò màlúù tó wò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ màígídá, ìyẹn baálé tó ń gba àlejò oníṣòwò sílé, ni ẹni tó da màlúù wá máa ń wọ̀ sí. Àwìn ni alápatà ń rà. Tí alápatà ò bá san, màígídá ni yóò san án fún ẹni tó ni màlúù. Ẹ̀yin lè ti mọ èyí tipẹ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kún un ni pé kó mọ ìdí tí ètò bẹ́ẹ̀ ò fi tú, kó sì wo ibòmíì láyé tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀.

Sosiọ́lọ́jì máa ń ka èèyàn, ó ń wo iléèwé, iṣẹ́, ìwà ọ̀daràn, ìlú ńlá. Antirọpọ́lọ́jì ń bá wọn gbé, ó ń kọ́ èdè wọn. Ẹni tó bá mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó ń jáde ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tó wá kà nípa àwọn Maasai ní Kẹ́ńyà àti Tanzania, tí àwọn ọmọkùnrin tó kọlà pọ̀ ń di jagunjagun pọ̀, tí wọ́n tún ń di àgbà pọ̀, á rí i pé àwa nìkan kọ́ là ń fi ọjọ́ orí to ìlú. Ẹ má sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ pè é ní ẹ̀kọ́ òyìnbó. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá, gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìgbé ayé Yorùbá ní Yunifásítì London ní 1939.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ sí Sábó Ṣágámù lọ́dún kan, ó mú fọ́ọ̀mù ìbéèrè dání. Iye tí wọ́n ń pa lóṣù ló kọ́kọ́ bi wọ́n. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn; ọkùnrin kan tilẹ̀ rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni. Omijé wà lójú rẹ̀ nígbà tó padà wá bá mi. Mo ní kó fi fọ́ọ̀mù sílé. Ó wá lọ ń bá àwọn obìnrin bó obì. Tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sómi tí èèpo rẹ̀ rọ̀, òun náà á jókòó ti báfù, á máa fi èékánná bó èèpo funfun yẹn kúrò, á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ẹni tó ń yá wọn lówó fún un, àti ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú obì pa mọ́ títí owó á fi gorí. Iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ wà lára èyí tó dùn mọ́ mi jù.

Ní ti iṣẹ́ oṣù, n ò ní tàn yín. Lọ́ọ̀yà mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ti ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ káàkiri, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ dè é. Lára àwọn tí mo kọ́, àwọn kan wà ní ọsibítù, wọ́n ń bá aláìsàn tí kò lẹ́bí ṣètò; àwọn kan ń gba òṣìṣẹ́ sílé iṣẹ́; àwọn kan ń bá àjọ ṣèwádìí láti ìlú dé ìlú. Àwọn tí kò sá fún statistics, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣèwádìí, ló tètè ríṣẹ́, nítorí náà kó má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú Matimátíìkì. Tó bá sì ṣe tán tó ṣì wu bàbá rẹ̀, ó lè fi dìgírì yẹn wọlé kọ́ lọ́ọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan ní Jáḿbù. Kó yẹ ìwé Jáḿbù wò fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù tó máa ṣe nínú ìdánwò náà. Kó ṣọ́ orúkọ ẹ̀ka tó máa mú o: ní Ifẹ̀ àti Nsukka, ẹ̀ka kan náà ni méjèèjì, ní Ìbàdàn, antirọpọ́lọ́jì wà pẹ̀lú akiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ tí wọ́n ń hú jáde nínú ilẹ̀), sosiọ́lọ́jì sì dá dúró. Ní Àgó-Ìwòyè tó sún mọ́ yín, sosiọ́lọ́jì ni.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ mú un lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìwé àjákọ lọ́wọ́. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, tó ń bi yín ní ohun tẹ́nì kan ò bi yín rí nípa obì tẹ́ ẹ ti ń tà láti ọjọ́ yìí wá, ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀.