Maṣíìnì wíwa-ọkọ̀ fẹ́ já mi lápá, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 43 ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, orí àga ni mo sì ń wà láàárọ̀ dọjọ́rọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga díẹ̀díẹ̀, kò tíì fún mi lóògùn, ó ní kí n lọ máa ṣe eré ìdárayá ná, ni mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Èrò máa ń tò sídìí tírẹ́dímìlì, maṣíìnì kan ṣoṣo ló máa ń ṣófo ní kọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń jókòó fà bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìṣẹ́jú méjì péré, apá mi fẹ́ já, ìbàdí ń ro mí, ó tún wá ń pariwo hùùù bí ìjì, gbogbo èèyàn yíjú wò mí. Ọmọkùnrin gíga kan ní kí n gbé nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí 10 kó lè ṣiṣẹ́ lára mi dáadáa. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, àbí apá mi ṣì máa le? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má fi í sílẹ̀. Apá yín ò sì nílò kó le, torí iṣẹ́ apá kọ́ ni.

Orúkọ ẹ̀ ló ń tàn wá jẹ. Tí wọ́n bá ti pè é ní wíwa ọkọ̀, àwa Yorùbá, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ló máa wá sí wa lọ́kàn, àwọn tó kọjú síbi tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ ti omi sẹ́yìn, ọwọ́ àti èjìká sì ni wọ́n ń fi ṣe é lóòótọ́. Irú ọkọ̀ tí maṣíìnì yìí ń sín jẹ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ síbi tí wọ́n ń lọ, àga abẹ́ wọn ń yọ̀ síwá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ti ara wọn. Ṣé ẹ mọ bí mọ́tò ṣe máa ń kú lójú títì Kubwa yẹn, tí ọkùnrin kan á bọ́ sílẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí búùtù, á wá tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ kó tó máa tì í? Itan ló ń ti mọ́tò yẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyẹn.

Ẹ so bẹ́líìtì ẹsẹ̀ kó gba orí ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ kọjá. Ẹ sún síwájú títí ojúgun yín á fi nàró, kí ọwọ́ nà tọ́ọ́rọ́, kí èjìká rọ̀. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ tì, ẹsẹ̀ nìkan o, ẹ ò tíì fa nǹkan kan. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán lẹ máa fẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀yìn náà lẹ máa wá fa ọwọ́ irin yẹn wá sí abẹ́ ọmú, ibi tí okùn kọ́mú ń gbà kọjá, kì í ṣe abẹ́ àgbọ̀n bí mo ṣe ń rí táwọn èèyàn ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń padà, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ, ara á tẹ̀ lé e, orúnkún ló máa kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fi orúnkún ṣíwájú, ẹ máa rí i pé irin yẹn á kọlù ú, ẹ á wá máa gbé e fò ó bí ẹni ń fo gọ́tà. Ẹ má kánjú padà, kí pípadà gbà tó ìlọ́po méjì títì.

Nọ́ńbà 10 tí ọmọkùnrin yẹn sọ, ẹ má dá a lóhùn. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni nọ́ńbà yẹn ń ṣí, ó dà bíi gíà kẹ̀kẹ́. Bó bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ń pọ̀ tó, táyà tó ń yí nínú ẹ̀ á tètè dẹwọ́ yíyí, gbogbo fífà á wá wúwo. Ẹ fi sí 3 sí 5. Agbára tẹ́ ẹ bá fi tì í náà ló máa fi dá yín lóhùn, ariwo hùùù tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Dick àti Pete Dreissigacker, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà, ló dá Concept2, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú maṣíìnì yìí, sílẹ̀ lọ́dún 1976, àjẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tà nígbà yẹn. Nígbà tó di 1981 ni wọ́n mú maṣíìnì yìí jáde, táyà kẹ̀kẹ́ gidi ló sì wà lára àkọ́kọ́ ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan àwámárìídìí.

Ẹ tún wo aṣọ yín o. Èmi wọ ṣẹ́ẹ̀tì gígùn tó bo ìdí lọ jíìmù kan ní Wuse, ló bá wọ abẹ́ àga, táyà kéékèèké ibẹ̀ gbé e mì, mo há gbọin bí ẹran tí wọ́n so. Mò ń jà láti fà á yọ, ọmọ Háúsá tó ń nulẹ̀ ló wá bá mi, “Hajiya, a hankali,” ló bá rọra ti àga sẹ́yìn, aṣọ bọ́, òróró dúdú ti kùn ún. Ẹ ki aṣọ bọ ṣòkòtò, tó bá sì jẹ́ híjáàbù gígùn lẹ wọ̀, ẹ ká a sókè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Kí iye fífà tí ojú ẹ̀ ń kọ láàárín ìṣẹ́jú kan má ju 20 sí 24 lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló kéré jù fún àgbà, ẹ máa débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Tẹ́ ẹ bá ṣì lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ò lè kọrin, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má di èémí mú, ẹ mí síta bẹ́ ẹ bá ń tì. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ lọ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: NEPA mú iná nígbà tí mo wà lórí tírẹ́dímìlì, díẹ̀ ló kù kí n fi ẹnu gbálẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? — Bọ̀dá Lugbe

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o. Okùn pupa tó ní kílíìpù, ẹ fi há aṣọ, òun ló máa dá maṣíìnì dúró bẹ́ ẹ bá ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè dá NEPA lẹ́kun, nítorí náà ẹ má sáré jìnnà sí irin tẹ́ ẹ lè dì mú. Tí iná bá lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró lórí ẹ̀ de jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ lọ sídìí èyí tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì lókè yẹn, bátìrì ni ojú ẹ̀ ń lò.